Alhaja Oníwúrà àti Owó Ẹyọ Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ọjọ́ kẹrin tí a sin Ìyá Àgbà, obìnrin kan wọlé tọ̀ wá wá láti Ilemona. Kò tíì gbọ́. Ó tú ṣéènì ọrùn kan jáde nínú áńkáṣíìfù, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ní kí a bá òun pe Alhaja kí wọ́n wá wò ó fún òun, pé ẹnì kan fẹ́ tà á fún òun, ẹni náà sì ti búra pé gidi ni. Ànti Múínátù, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé, ló sọ fún un pé Alhaja ti lọ. Obìnrin náà kò sunkún. Ó jókòó, ó tẹjú mọ́ ṣéènì náà, ó wá ní, "Ta wá ni kí n gbé e lọ bá báyìí?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ irú èèyàn tí ìyá tó bí ìyá mi jẹ́. Ọdún tí wọ́n bí wọn, iye ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀, ìgbà tí wọ́n lọ sí Mẹ́kà, gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé pélébé tí a pín níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Èyí tí kò sí nínú ìwé náà ni mo fẹ́ kọ síbí.

Alhaja Rábíátù ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Alhaja Oníwúrà ni Ọ̀fà mọ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi ta wúrà. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí Kánò láti lọ rajà, ibẹ̀ sì ni ìyá Haúsá kan ti kọ́ wọn bí a ṣe ń mọ wúrà yàtọ̀ sí idẹ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú irin ọ̀hún ló padà di ọkọ wọn, ìyẹn Bàbá Àgbà, tí wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí mi.

Òkúta dúdú kan wà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tó sì ń dán. Bí èèyàn bá gbé wúrà wá, wọn á ha á sára òkúta yẹn títí yóò fi fi ìlà sílẹ̀. Wọn á wá kán ásíìdì díẹ̀ sórí ìlà náà. Bí ó bá jẹ́ wúrà, ìlà náà kò ní kúrò. Bí ó bá jẹ́ idẹ, yóò hó, yóò di àwọ̀ ewé, yóò sì pa rẹ́. Iṣẹ́jú kan péré ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ mo ti rí ọkùnrin gíga tó ń ṣàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tó ń dúró de iṣẹ́jú kan yẹn.

Ọkùnrin kan mú ìyàwó rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ìkókó wà lẹ́yìn ìyàwó. Òrùka tí ọkọ rà fún un nígbà ìsọmọlórúkọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ iye tó tó. Mo wo ojú Ìyá Àgbà, mo rí i pé wọ́n ti mọ̀ pé idẹ ni kí òrùka náà tó dé ọwọ́ wọn. Wọ́n ní ásíìdì àwọn ti tán, kí ọkọ padà wá lọ́la. Ásíìdì wà nínú dúrọ́ọ̀, ìgò náà kún. Nígbà tí ọkùnrin náà dé lọ́jọ́ kejì, òun nìkan, wọ́n fi ìlà tó ń hó hàn án, wọ́n sì ta òrùka gidi kékeré kan fún un ní iye tí àwọn fúnra wọn rà á. Lẹ́yìn tó lọ, mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi sọ ọ́ lánàá.

"Òótọ́ kì í ṣe òkò," wọ́n ní. "A kì í sọ ọ́ lu ọkọ lójú ìyàwó."

Ẹ má rò pé málékà ni mò ń ròyìn o. Ọmọ Ọ̀fà ni Ìyá Àgbà, ìjàkadì kò sì jìnnà sí wọn. Wọ́n bá ẹni tó ń ta omi jà nítorí kẹ́ẹ̀gì tí kò kún. Wọ́n bá mọ́síńjà báǹkì jà nítorí ó pè wọ́n ní "Mama" láìkí wọn ní ẹ káàárọ̀. Wọn kì í sì í bẹ ọmọdé. Nígbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tí mo ń lọ sí pólì, wọ́n fẹ̀sùn kàn mí pé mo sọ rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n nù, wọ́n sì fi gbogbo ọ̀sán bú mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, rìmóòtù jábọ́ láti inú ìdì ìró wọn nígbà tí wọ́n dìde láti ṣe àlùwàlá. Àwa méjèèjì wò ó nílẹ̀. Wọ́n kírun tán, wọ́n wọ kíṣìnnì, wọ́n dín dòdò, wọ́n gbé àwo náà síwájú mi.

"Jẹun," wọ́n ní, "kí o yéé wò mí lójú bẹ́ẹ̀."

Rìmóòtù yẹn ṣe pàtàkì sí wọn nítorí ṣánẹ́lì kan tí wọ́n fẹ́ràn ju fíìmù lọ. Ọjà ni wọ́n ń tà níbẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́: ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bẹ́líìtì tó ń mú ikùn wọlé, aago, yẹtí. Ìyá Àgbà ń wo àwọn ọlọ́jà náà bí oníṣòwò ṣe ń wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí kò bá yé wọn ni mo máa ń túmọ̀. Wọn a sì máa dá àwọn ọlọ́jà náà lóhùn bí ẹni pé wọ́n wà nínú yàrá pẹ̀lú wa. Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń wọ kóòtù aláwọ̀ búlúù, tó máa ń pariwo pé ọjà ti fẹ́ẹ́ tán, pé ogún péré ló kù, pé kí a tètè pè. Ìyá Àgbà á rẹ́rìn-ín sí i.

"Ó ń lé mi kí n rà á," wọn á ní. "Kí ló ń lé òun alára?"

Ọ̀rẹ́ wọn kan ṣoṣo tó máa ń wá bá wọn wo ṣánẹ́lì yìí ni Alhaja Sìfáwù, ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà wúńdíá ni àwọn méjèèjì ti ń ṣe ọ̀rẹ́. "Rábí" ni ọ̀kan ń pe èkejì, "Sìfá" ni èkejì ń dáhùn. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday ni Alhaja Sìfáwù máa ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Ẹ̀rìn-Ilé wá ṣe àsàlátù pẹ̀lú àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa. Nígbà kan tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àárín ìlú méjèèjì tún gbóná, àwọn kan wá sọ fún Ìyá Àgbà pé kí wọ́n má gba àlejò láti ibẹ̀ mọ́. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n jókòó, wọ́n fún wọn ní omi mu, wọ́n sì fún wọn lésì.

"Ilẹ̀ lẹ̀ ń jà lé lórí. Sìfá kì í ṣe ilẹ̀."

Owó ẹyọ ló wá fẹ́ẹ́ ṣe ohun tí ìjà ìlú méjì kò lè ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọmọ oníkóòtù yẹn gbé owó ẹyọ onírin méjìlá jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe owó tí wọ́n ń ná o. Owó ìrántí ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán tirẹ̀, afárá, erin, ààfin, nínú páálí onífẹ́lífẹ́ẹ̀tì. Ó ní díẹ̀ ni wọ́n ṣe, pé kò ní pẹ́ tí iye wọn yóò fi di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyá Àgbà ti ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bú u nígbà tí ó gbé ẹ̀kẹjọ sókè. Ọkọ̀ ojú irin ayé àtijọ́ ló wà lára rẹ̀, èéfín ń rú lórí rẹ̀.

Ìyá Àgbà dìde. Wọ́n sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

"Àdùkẹ́, irú èyí gan-an ni bàbá yín ń wà."

"Ìyá Àgbà, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé..."

"Mo mọ ohun tí mo máa ń sọ. Pè wọ́n."

Owó tó lè ra àpò ìrẹsì kan ni mo bá wọn fi ránṣẹ́ láti orí fóònù, fún ẹ̀kẹjọ yẹn nìkan. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọlọ́kadà kan gbé e wá sílé, pẹ̀lú sátífíkéètì. Ìyá Àgbà gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n jù ú sókè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n hán an. "Idẹ ni," wọ́n ní, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á ti máa bà á. Mo ní ṣé ọkàn wọn kò bàjẹ́ ni.

"Nítorí kí ni? Èmi kò ra wúrà. Ọkọ̀ ojú irin ni mo rà."

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe pé ilé Ìyá Àgbà kì í ṣófo fún àlejò. Ẹni tó bá wọlé yóò rí owó ẹyọ náà tó ń dán. Kò ju oṣù méjì lọ tí Alhaja Sìfáwù fi wọlé wá ní ọjọ́ Thursday kan, inú wọn dùn. Wọ́n ti ta ilẹ̀ kan tí wọ́n jogún, owó náà ni wọ́n fẹ́ fi kan òrùlé ilé wọn tí ń jò.

"Rábí, bá mi yọ̀. Òrùlé máa dúró díẹ̀. Mo ti rí ibi tí owó ilẹ̀ yẹn ti máa bímọ."

"Níbo?"

Alhaja Sìfáwù nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. "Níbi tí ìwọ náà fi tìrẹ sí. Odindi páálí mẹ́ta ni mo fẹ́ rà."

"Sìfá, idẹ nìyẹn o."

"Idẹ kẹ̀? Wúrà kárátì mẹ́rìnlélógún ni wọ́n pè é. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Ìyá Àgbà ní kí n mú sátífíkéètì wá, kí n kà á sókè. Mo kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n fi wúrà kárátì mẹ́rìnlélógún bo owó ẹyọ náà.

"O gbọ́? Bò ó ni wọ́n wí. Bí o bá fi léèsì bo àga, ṣé àga ti di léèsì nìyẹn?"

"Bí kò bá dáa, kí ló dé tí ìwọ fi rà á?"

"Nítorí àwòrán ara rẹ̀."

Alhaja Sìfáwù rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dùn ún gbọ́. "Ìwọ tí o kì í ra ẹ̀fọ́ láìjẹ́ pé o ná an lẹ́ẹ̀mẹta? Nítorí àwòrán? Rábí, sọ pé o kò fẹ́ kí n ní irú tìrẹ."

"Ó dáa. Pè wọ́n. Béèrè ọ̀rọ̀ kan péré lọ́wọ́ wọn: bí o bá fẹ́ tà á padà fún wọn, èló ni wọ́n máa rà á?"

"N kò pe ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Monday ni n ó sanwó." Wọ́n mú báàgì wọn, wọn kò dúró mu omi.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí a ṣe ń jẹun, Ànti Múínátù ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan, kí Ìyá Àgbà má bínú. Àwọn obìnrin mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ àsàlátù ti ra owó ẹyọ yẹn, àwọn míì sì ń tọ́jú owó láti rà á. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n bóyá ó dáa, èsì kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: Alhaja Oníwúrà fúnra wọn ra tiwọn.

Ìyá Àgbà gbé òkèlè tó wà lọ́wọ́ wọn padà sínú àwo.

"Mo ti jẹ́rìí èké," wọ́n ní, "n kò sì lanu."

Lọ́jọ́ Sunday, èmi ni mo gbé báàgì wọn tẹ̀ lé wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí àdúrà parí, tí àwọn obìnrin ṣì jókòó sórí ẹní, Ìyá Àgbà tọrọ àyè. Wọ́n yọ òkúta dúdú jáde, àti ásíìdì, àti owó ẹyọ. Alhaja Sìfáwù wà ní ìlà kejì, wọn kò gbójú sókè.

Ìyá Àgbà kọ́kọ́ bọ́ òrùka ìgbéyàwó tiwọn, wọ́n ha á sára òkúta, ó fi ìlà sílẹ̀. Wọ́n wá ha etí owó ẹyọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n kán ásíìdì sórí ìlà méjèèjì. Kò sí èyí tó hó.

"Wúrà ni!" ẹnì kan kígbe. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo rí i tí Alhaja Sìfáwù gbójú sókè wàyí.

"Wúrà ni lóòótọ́," Ìyá Àgbà wí. "Ẹ má tíì dìde."

Wọ́n dojú owó ẹyọ náà dé símẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ ojú irin wà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Wọn kò yára, wọ́n sì ń gbé e wò lóòrèkóòrè. Ìró rẹ̀ dà bí ìró ọ̀bẹ tí a ń pọ́n. Èéfín ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà iwájú ọkọ̀, lẹ́yìn náà àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e sókè níkẹyìn, ojú rẹ̀ ti tẹ́jú, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Wọ́n ha ìlà tuntun, wọ́n kán ásíìdì sí i. Ó hó, ó di àwọ̀ ewé, ó pa rẹ́. Ìlà òrùka ìgbéyàwó wọn ṣì wà níbẹ̀.

"Bí wúrà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó nìyẹn, ó ti tán. Ẹni tó tà á kò parọ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun fi bò ó ni. Èmi ni mo jẹ́ kí ẹ rò pé mo fi ọwọ́ sí i. Mo fẹ́ràn àwòrán rẹ̀, ìdí tí mo fi rà á nìyẹn. Ẹ má fi owó òrùlé rà á."

Ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn ló bà á jẹ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ni òrùlé náà. Alhaja Sìfáwù dìde, wọ́n wọ bàtà, wọ́n jáde láìkí ẹnì kankan.

Nínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí à ń padà sílé, mo ní, "Ìyá Àgbà, ọkọ̀ ojú irin Bàbá Àgbà ti lọ."

Wọ́n wo títì réluwéè bí a ṣe ń kọjá. "Bàbá yín kò ní bínú," wọ́n ní. "Òun náà máa ń dá ọkọ̀ dúró bí èèyàn bá wà lójú irin."

Mo wá ní ìgboyà láti sọ ìyókù. Mo rán wọn létí ọkọ tó mú òrùka wá àti ìyàwó rẹ̀. Ojú wọn le títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n kí n tó jí lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti múra. A ra ọsàn sínú ọ̀rá, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé. Ọmọbìnrin Alhaja Sìfáwù ló ṣílẹ̀kùn, ó ní ìyá òun kò sí nílé. Bàtà ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí i. Ìyá Àgbà gbé ọsàn náà kalẹ̀, wọ́n sì gbé ohùn sókè sí ìhà yàrá.

"Sìfá, mo dójú tì ọ́ láwùjọ. Ìyẹn ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún. Ohun tí mo sọ, n kò bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a kò fi gbúròó Alhaja Sìfáwù. Ìyá Àgbà kò tan ṣánẹ́lì yẹn ní gbogbo àkókò náà. Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró níwájú ilé, wọn á na ọrùn wò ó. Ní ọjọ́ Friday kan, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, Alhaja Sìfáwù wọlé, wọ́n jókòó sórí àga tí wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n ní kí n fún àwọn ní omi.

"Mo pè wọ́n," wọ́n ní.

"Àwọn wo?"

"Àwọn olówó ẹyọ. Lọ́jọ́ Monday yẹn, kí n tó sanwó. Ọmọbìnrin kan ló gbé e. Mo ní, èló lẹ máa rà á padà lọ́wọ́ mi? Ó ní, 'Mummy, a kì í rà á padà o, títà la máa ń tà.' Mo ní, ohun tí ẹ ní yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ẹ̀yin kò fẹ́ jẹ nínú èrè rẹ̀ ni? Ó já fóònù mọ́ mi létí, mo sì fi owó mi sápò."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, Alhaja Sìfáwù náà rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì, n kò sì mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀rín nìkan ni. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n kan òrùlé ilé Alhaja Sìfáwù. Nínú àwọn mẹ́ta tó ti rà á ṣáájú, ọ̀kan gbé tirẹ̀ lọ sí Ìlọrin, kò rí ẹni tó fẹ́ rà á. Ọ̀kan fi tirẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sí pálọ̀. Ẹ̀kẹta kò kí Ìyá Àgbà mọ́ títí wọ́n fi kú. Ó ní wọ́n ba ọjà òun jẹ́.

Mo bi Ìyá Àgbà nígbà kan bóyá ó tiẹ̀ yẹ kí èèyàn máa ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n rárá. Wọ́n ro ó bí wọ́n ṣe máa ń ro iye ọjà.

"Bí o bá fẹ́ràn rẹ̀, rà á bí ẹni ra aṣọ. Má rà á bí ẹni ra ilẹ̀."

Àìsàn wọn kò gùn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, wọ́n sì lọ ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ Wednesday. Kí a tó rí ẹni rán sí Ẹ̀rìn-Ilé, Alhaja Sìfáwù ti gbọ́, wọ́n ti dé. Wọ́n ní àwọn máa wà lára àwọn tó máa wẹ Ìyá Àgbà. Èmi ni mo ń bu omi. Nígbà tó kan ọwọ́ ọ̀tún, Alhaja Sìfáwù ní kí àwọn yòókù jẹ́ kí òun ṣe é. Wọ́n fọ ìka kọ̀ọ̀kan, wọ́n fọ àárín ìka, wọ́n tún padà bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò. Ànti Múínátù rọra ní, "Màmá, ó ti mọ́."

Wọn kò jọ̀wọ́ ọwọ́ náà.

"Mo mọ̀ pé ó ti mọ́," wọ́n ní. "Bu omi sí i, Àdùkẹ́. Ọwọ́ yìí ló ba ohun tirẹ̀ jẹ́ kí ilé mi má baà jò."